Bọ́ọ̀tù kékeré kan sọnù lára kíráǹkì kẹ̀kẹ́ yín? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi òmíràn dípò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ ra kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkunbọ̀ kan. Férémù rẹ̀ ṣì ń dán, jíà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára yín lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, ẹ sì rí i pé ihò márùn-ún ló wà níbi tí wọ́n ti de irin eléyín mọ́ kíráǹkì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tù mẹ́rin péré ló kù níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe. Àwọn kan á ní mẹ́rin ṣì tó, wọn á sì máa gùn ún lọ. Àwọn mìíràn á lọ wá bọ́ọ̀tù ọ̀kadà tó jọ èyí tó sọnù, wọn á sì fi tipátipá yí i wọlé. Ọ̀nà méjèèjì ló máa ń sọ ìnáwó kékeré di ńlá, wọ́n sì lè gbé agunkẹ̀kẹ́ ṣubú láàrin títì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àlàyé rèé lórí àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tó máa ń sọnù lára kíráǹkì, bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó bá kẹ̀kẹ́ yín mu, àti èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀ láéláé.

Kí ni kíráǹkì, kí sì ni ó máa ń sọnù lára rẹ̀?

Kíráǹkì ni gbogbo irin tí ẹsẹ̀ ń yí kí kẹ̀kẹ́ tó lè rìn. Ó ní apá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí pẹ́dà wà lórí wọn. Ọ̀pá kan ló la ìsàlẹ̀ férémù kọjá láti so apá méjèèjì pọ̀, bẹ́áríìnì ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pá náà yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Lára apá ọ̀tún ni irin eléyín wà, ó lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, òun ni ṣéènì ń rọ̀ mọ́.

Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tó máa ń já bọ́ tàbí tí wọ́n máa ń gbàgbé láti dá padà nìwọ̀nyí:

- Bọ́ọ̀tù àti nọ́ọ̀tù tó de irin eléyín mọ́ apá ọ̀tún.
- Bọ́ọ̀tù tó de apá kíráǹkì mọ́ ọ̀pá.
- Ìdérí ike tó bo ojú bọ́ọ̀tù tàbí tó wà lẹ́nu ọ̀pá.
- Ike pẹlẹbẹ aláàbò tó máa ń wà láàrin bọ́ọ̀tù méjì apá òsì.
- Wọ́ṣà àti àwọn òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàrin apá kíráǹkì àti bẹ́áríìnì.
- Irin ṣóńṣó kékeré tó yọ jáde lára irin eléyín ńlá.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀tù kan ṣoṣo fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ìṣirò kékeré kan yóò jẹ́ kó yé wa. Apá kíráǹkì kẹ̀kẹ́ eré ìje sábà máa ń gùn tó mílímítà 170. Bí ẹni tó wọn kílò 70 bá dìde dúró lórí pẹ́dà kan nígbà tí apá náà wà ní ìbú, agbára tó ń yí ọ̀pá náà yóò tó nǹkan bí 117 Nm. Nm yìí ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìyí. Gbogbo agbára yẹn ló ń gba ara àwọn bọ́ọ̀tù kọjá kó tó dé ara ṣéènì.

Kì í ṣe pé bọ́ọ̀tù irin eléyín kàn ń gbé irin náà dúró bí ìṣó ṣe ń gbé àwòrán dúró lára ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún irin eléyín àti apá kíráǹkì pọ̀ típẹ́típẹ́, kí ọ̀kan má lè yọ̀ lórí èkejì. Bí ọ̀kan bá kúrò nínú márùn-ún, irin eléyín á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí àlàfo wà. Títẹ̀ yìí ló ń tú bọ́ọ̀tù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn tó kù bá dẹ̀ tán, ihò ara apá kíráǹkì, tó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Nígbà náà, bọ́ọ̀tù tuntun kò ní lè tún un ṣe mọ́. Odindi kíráǹkì ni ẹ máa rà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú bọ́ọ̀tù tó de apá kíráǹkì mọ́ ọ̀pá. Irin líle ni ọ̀pá, alumíníọ̀mù tó rọ̀ jù ú lọ ni apá. Bí bọ́ọ̀tù bá dẹ̀, tí ẹ sì ń gùn ún lọ, ọ̀pá á máa họ inú ihò apá náà títí tí igun ihò náà á fi yípo. Apá bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Bí ẹ tilẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ lónìí, yóò tún dẹ̀ lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú kíráǹkì tí ẹ ní

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lórí àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà ní agbègbè wa.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́, irú Raleigh dúdú tí àwọn bàbá wa ń gùn. Èèkàn irin kékeré kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́ ló so apá mọ́ ọ̀pá, nọ́ọ̀tù sì wà nídìí rẹ̀. Ìwọ̀n èèkàn yìí tó wọ́pọ̀ ni mílímítà 9.5 àti mílímítà 9. Ìdajì mílímítà ló wà láàrin wọn, síbẹ̀ ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ èkejì.

Ìkejì ni èyí tí orí ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Bọ́ọ̀tù kan wà láàrin apá kọ̀ọ̀kan, ìdérí ike kékeré sì lè bo ojú rẹ̀. Sípánà ihò mílímítà 14 tàbí sípánà onígun mẹ́fà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní alẹ́nkì, ti mílímítà 8 ni wọ́n sábà fi ń tú u. Pẹ́dà òsì nìkan ló ń yí sí òdìkejì. Bọ́ọ̀tù inú kíráǹkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ máa yí i sí láti fún un, yálà lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún.

Ìkẹta ni ti ìgbàlódé, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn, tó sì ní ihò gbàǹgbà nínú. Èyí tí Shimano ń pè ní Hollowtech II ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 24, ó sì lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún. Apá òsì ló ń ṣeé yọ, bọ́ọ̀tù méjì tó dojú kọ ara wọn ló sì fún un mọ́ ọ̀pá.

Ẹ yí apá kíráǹkì sókè, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ti Shimano máa ń ní àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FC, irú bíi FC-R7000 tàbí FC-R8000. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó tú gbogbo ẹ̀yà kíráǹkì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tó sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé orí wọ́ṣà tó kéré jù. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, kì í ṣe àwòrán bọ́ọ̀tù nìkan.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀tù ọ̀kadà kì í fi í wọ̀ ọ́?

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Bọ́ọ̀tù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, tí wọ́n ń pè ní M8, wà káàkiri lára ọ̀kadà, mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀. Bọ́ọ̀tù irin eléyín náà jẹ́ M8. Bọ́ọ̀tù kíráǹkì onígun mẹ́rin náà sábà máa ń jẹ́ M8. Lójú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn àwọn ilà tó yí ara bọ́ọ̀tù ká, kò dọ́gba.

Lára M8 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, àlàfo láàrin ilà kan àti èkejì jẹ́ mílímítà 1.25. Ti bọ́ọ̀tù kíráǹkì onígun mẹ́rin jẹ́ mílímítà 1. Ti bọ́ọ̀tù irin eléyín kéré sí i, ó jẹ́ mílímítà 0.75. Ìdí nìyí tí bọ́ọ̀tù ọ̀kadà fi máa ń wọlé ní ìyípo kan, tí á wá há. Bí mẹkáníìkì bá fi agbára tì í, tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú nọ́ọ̀tù tàbí inú ọ̀pá ni yóò jẹ.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: ẹ fi ìka ọwọ́ yí bọ́ọ̀tù náà wọlé, láìlo sípánà kankan. Bọ́ọ̀tù tó bá a mu yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá há ní ìyípo àkọ́kọ́, ẹ dúró. Ẹ nu ìdọ̀tí inú ihò, kí ẹ tún gbìyànjú. Bó bá tún há, bọ́ọ̀tù yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Gígùn náà ṣe pàtàkì. Bọ́ọ̀tù irin eléyín méjì gùn ju ti ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá fi èyí tó gùn sí ibi tí irin eléyín ẹyọ kan wà, bọ́ọ̀tù á dé òpin nọ́ọ̀tù rẹ̀ kó tó fún ohunkóhun pọ̀. Ọwọ́ yín á rò pé ó ti le, nígbà tí irin eléyín ṣì ń mì.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ kíráǹkì Shimano tó ní apá mẹ́rin láti ọdún 2012 kì í lo bọ́ọ̀tù àti nọ́ọ̀tù tó wọ́pọ̀ yìí. Tiwọn yàtọ̀, nọ́ńbà ẹ̀yà nìkan ni ẹ lè fi rí i.

Báwo ni a ṣe ń pààrọ̀ bọ́ọ̀tù irin eléyín?

Sípánà tó máa ń bá a mu ni alẹ́nkì mílímítà 5 tàbí sípánà onírìí ìràwọ̀ T30. Nọ́ọ̀tù tó wà lẹ́yìn lè máa bá bọ́ọ̀tù yí. Irinṣẹ́ pẹlẹbẹ oníyẹ̀rì wà tí wọ́n fi ń dì í mú, sìkúrúdíráfà fífẹ̀ náà sì lè ṣe é bí ẹ bá fara balẹ̀.

1. Ẹ tú àwọn bọ́ọ̀tù tó kù, kí ẹ fọ iyanrìn àti ọ̀rá dúdú kúrò lára wọn. Èyí tó bá ti dógùn-ún jù tàbí tí orí rẹ̀ ti jẹ, ẹ pààrọ̀ òun náà.

2. Ẹ wo irin ṣóńṣó kékeré ara irin eléyín ńlá. Ẹ̀yìn apá kíráǹkì gan-an ló gbọ́dọ̀ wà. Òun ni kì í jẹ́ kí ṣéènì tó bá já bọ́ há sáàrin apá àti irin eléyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dè é sí ibòmíràn láìmọ̀.

3. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan. Òògùn àti omi òjò máa ń lẹ irin mọ́ alumíníọ̀mù, gíríìsì ni kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀.

4. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé kí ẹ tó fi sípánà kan èyíkéyìí.

5. Ẹ wá fún wọn díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, bí ìgbà tí a bá ń de táyà mọ́tò. Ẹ má fún ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì.

Bọ́ọ̀tù alumíníọ̀mù sábà máa ń fẹ́ 8 sí 10 Nm, ti irin sì máa ń fẹ́ 12 sí 14 Nm. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe kíráǹkì yín bá kọ iye mìíràn sára rẹ̀, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ni kí ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára ṣe? Gígùn sípánà ní ìlọ́po agbára ọwọ́ ni Nm. Lórí alẹ́nkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, 12 Nm dà bí ìgbà tí ẹ bá fi agbára tó lè gbé kílò 12 tẹ̀ ẹ́ lórí. Fún bọ́ọ̀tù kíráǹkì onígun mẹ́rin, tó ń fẹ́ nǹkan bí 35 sí 40 Nm, sípánà sẹ̀ǹtímítà 20 yóò fẹ́ agbára bíi kílò 20. Ìfojúdíwọ̀n ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa tẹ̀ ẹ́ títí irin á fi dún lọ.

Apá òsì oníbọ́ọ̀tù méjì: ibi tí ike kékeré ti ń gba ẹ̀mí là

Lórí Hollowtech II, ẹ̀yà mẹ́ta ló máa ń sọnù, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Ìdérí ike róbótó tó wà lẹ́nu ọ̀pá kì í ṣe ohun tó di apá mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti apá òsì wọlé díẹ̀, kí kíráǹkì má baà máa mì sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tó fún bọ́ọ̀tù méjèèjì. Nítorí náà, 0.7 sí 1.5 Nm péré ló fẹ́, agbára ìka ọwọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń fún un bí ẹni ń de táyà ló ń ba bẹ́áríìnì ara wọn jẹ́.

Bọ́ọ̀tù méjèèjì ló di apá mú gan-an. M6 ni wọ́n, alẹ́nkì mílímítà 5 ló ń tú wọn, wọ́n sì ń fẹ́ 12 sí 14 Nm. Ẹ máa fún wọn ní ìpínrọ̀, ọ̀kan díẹ̀, èkejì díẹ̀, títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì M6 yìí wọ́pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo M6 ló lágbára bákan náà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo òmíràn láti délé, ẹ wá èyí tí wọ́n tẹ 12.9 sí lórí, kó sì gùn bákan náà pẹ̀lú èyí tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ojúlówó.

Ẹ̀kẹta ni ike pẹlẹbẹ aláàbò tó ń wọ àárín bọ́ọ̀tù méjèèjì. Ó ní ìmú kékeré kan tó ń kó sínú ihò ara ọ̀pá. Bí bọ́ọ̀tù méjèèjì bá dẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, òun ni kò ní jẹ́ kí apá náà yọ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Nítorí pé ike lásán ni, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń jù ú nù. Bí kò bá sí lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹ rà, ẹ wá a kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde lọ ọ̀nà jíjìn.

Níbo ni a ti lè rí àwọn ẹ̀yà yìí?

Kò rọrùn, kò sì yẹ kí a tan ara wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris, ẹgbẹ́ Jámánì ni Ese Ukpeseraye tó ṣojú Nàìjíríà ti yá kẹ̀kẹ́ tó fi sáré nínú pápá, nítorí kò ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ẹni tó dé Òlíńpíìkì, kò yẹ kó ya ẹni tó ń wá bọ́ọ̀tù kan ní Kano tàbí Lomé lẹ́nu pé ọjọ́ lè gùn kó tó rí i.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà. Bọ́ọ̀tù irin eléyín M8 oní-0.75 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹ lè yọ ọ́ lára ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gíga-òkè tí wọ́n ti pa tì sí ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì, bí gígùn rẹ̀ bá ti bá tiyín mu. Bákan náà ni bọ́ọ̀tù kíráǹkì onígun mẹ́rin.

Àwọn oníṣẹ́ irin tó wà ní Panteka nílùú Kaduna, tàbí ní Suame Magazine nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, lè gé wọ́ṣà tàbí òrùka tó nípọn gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ mú èyí tó kù lọ́wọ́ fún wọn láti fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tù tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ kò bá mọ irú irin tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ẹ má gbé ẹ̀mí yín lé e.

Bákan náà, ẹ má fi ìṣó dípò èèkàn kíráǹkì àtijọ́, ẹ má fi wáyà de irin eléyín, ẹ má sì fi gúlù lẹ apá tó ti dẹ̀ mọ́ ọ̀pá.

Kíráǹkì kan wà tí bọ́ọ̀tù tuntun kò lè wo sàn

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Shimano kéde pé àwọn kíráǹkì kan tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù Keje ọdún 2019 lè là sí méjì, nítorí pé lílẹ̀ ni wọ́n lẹ irin wọn pọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni Ultegra FC-6800 àti FC-R8000, pẹ̀lú Dura-Ace FC-9000, FC-R9100 àti FC-R9100P. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí 680,000 ni wọ́n pè padà, nǹkan bí 80,000 sì wà ní Canada. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ 4,519 ni wọ́n ti gbọ́ nípa kíráǹkì tó là, èèyàn mẹ́fà sì farapa, títí kan àwọn tí eegun wọn kán.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ti ń wọlé sí ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lẹ́yìn apá kíráǹkì yín, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ wo ibi tí irin méjì ti pàdé. Bí ẹ bá rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí ariwo kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí gbogbo bọ́ọ̀tù ti le, ẹ má gùn ún mọ́.

Ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gbéra

Bọ́ọ̀tù tuntun máa ń jókòó díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gùn ún. Ẹ tún sípánà kàn wọ́n lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tó jáde nígbàkúùgbà, ẹ di apá kíráǹkì mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì ín sí ẹ̀gbẹ́. Kò yẹ kó mì rárá. Ẹ ka bọ́ọ̀tù irin eléyín, kí ẹ rí i pé wọ́n pé.

Bí ọ̀kan bá dín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Owó bọ́ọ̀tù kan ni ẹ máa san lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá dúró di oṣù tó ń bọ̀, owó kíráǹkì ni.